Èéfín Táyà Òpópónà Kejì

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2020, mo dúró sí ẹnu géètì àdúgbò wa ní apá Agége, mo mú àdá lọ́wọ́. Àdá ọ̀hún kì í ṣe tèmi o. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni ìyàwó mi ti yá a wá. Èmi tí ẹ ń wò yìí, n kò lè pa adìyẹ. Bí ọdún bá dé, ọmọ ilé kejì là ń bẹ̀ kó wá bá wa dú u, èmi á sì wá iṣẹ́ kan ṣe nínú yàrá títí ariwo á fi rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti múra tán láti ṣá ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ rántí bí ìgbà náà ṣe rí. Kòrónà ti dé. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni kónílé-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ kéde ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, tí a rò pé a máa mí, Ààrẹ Buhari fi ọjọ́ 14 mìíràn lé e. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ kò rí òòjọ́ mọ́, gààrí sì gbówó lórí. Inú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kan wọ̀lú: One Million Boys. Wọ́n ní ọmọ ìta ni wọ́n. Wọ́n ní wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Wọ́n ní wọ́n ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò kan pé kí wọ́n se oúnjẹ sílẹ̀ de àwọn. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, láti Agége dé Alágbàdo, dé Sango Ọ̀tà, wọ́n ń jó táyà ní oríta.

Gúrúùpù WhatsApp àdúgbò wa, tí a dá sílẹ̀ nítorí owó àtúnṣe tiráńsífọ́mà, kò sùn mọ́. Fóìsì nóòtì kan á wọlé, ọkùnrin kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Wọ́n ti wà ní Ìjù báyìí, wọ́n ń bọ̀ lápá yín, ẹ jáde o, ẹ jáde!" A kò mọ ọkùnrin náà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a mọ̀ ọ́n dáadáa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan òru lù, ariwo sọ lápá òpópónà kejì. Wọ́n ń lu abọ́, wọ́n ń fọn fèrè, èéfín dúdú sì gòkè kọjá òrùlé wọn. Àwa náà bá gbé òkúta, a ń lu òpó iná gbàǹgbàǹgbàǹ, a tún ju táyà méjì kún iná tiwa. Kò pẹ́, òpópónà kẹta dá wa lóhùn. Ti kẹrin náà dáhùn. Bẹ́ẹ̀ la wà títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà. Olè kan kò kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba òpópónà kejì lọ wá búrẹ́dì. Ọmọkùnrin kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Ẹ kú ìdúró o," mo wí. "Ibo ni wọ́n gbà kọjá lọ́dọ̀ yín?"

"Lọ́dọ̀ wa kẹ̀, bọ̀ọ̀dá? Ẹ̀yin la gbọ́ o. Èéfín yín la rí tí a fi dáná."

"Àwa náà, èéfín yín la rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lẹ́nu àwa méjèèjì, ó sì bi mí bóyá táyà ṣì kù lọ́dọ̀ wa tí a lè tà fún wọn.

Kí n má fi apá kan pamọ́: olè wà lóṣù yẹn. Àwọn àdúgbò kan wà tí wọ́n ti ja èèyàn lólè ní tòótọ́, àwọn ọlọ́pàá Èkó àti ti Ògùn sì mú àwọn kan. N kò sọ pé àlá la lá. Ṣùgbọ́n ní òpópónà tèmi, ohun tí mo fi ojú ara mi rí kò ju èéfín lọ, èéfín ọ̀hún sì tó láti fi àdá lé ẹni tí kò lè pa adìyẹ lọ́wọ́. Ọdún ti gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ta gan-an ló fi àdá yẹn lé mi lọ́wọ́?

Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ohun tí a gbà gbọ́ la fi ojú bà? N kò dé igbó Sambisa rí, síbẹ̀ mo lè júwe rẹ̀ fún yín títí kan àwọ̀ ewé rẹ̀. Ẹnìkan ló kó o sí mi lórí. Mo sì ti wá ń rí i pé ẹni náà kì í sábà jẹ́ oníròyìn.

Bàámi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, àpótí Rediffusion kan wà lára ògiri ilé bàbá wọn. Wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀. Kò sí pé à ń yí i láti wá ilé-iṣẹ́ mìíràn: o lè pa á, o lè jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, ó parí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá sọ ẹ̀rọ náà, mo sì rò pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Àmọ́ Bàámi ní kì í ṣe àpótí làwọn ará ilé ń gbà gbọ́. Bí ìròyìn bá ti parí, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ bàbá àgbà lórí àga wọn. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, irọ́ ni. Bí wọ́n bá mi orí tí wọn kò sọ nǹkan kan, àwọn ìyàwó ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ra gààrí pamọ́.

Tèmi ni tábìlì ìwé ìròyìn. Ọmọ ọdún 18 ni mí lọ́dún 1993, mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bàámi ní Mọ́kọ́lá, mò ń dúró de èsì JAMB. Láràárọ̀ la máa ń pé sí ìdí tábìlì fẹ́ńdọ̀ kan, àwa tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ akàwé-ọ̀fẹ́. Owó kò sí láti ra ìwé, fẹ́ńdọ̀ sì mọ̀. Ó gbé òkúta lé ìwé kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn má baà ṣí i, kí àwa náà má baà ṣí i. Àkọlé iwájú nìkan la lè kà. Ìyókù, ẹnu la fi ń parí ẹ̀.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wá síbẹ̀. Kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ kan náà ni bàbá yẹn ń wọ̀, òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o. Kí o tó ka àkọlé tán, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni ìlú dìbò. Ọjọ́ 23 oṣù kan náà ni ìjọba ológun Babangida wọ́gi lé e. Mo rántí ẹni tó ń sunkún ní ìdí tábìlì lọ́jọ́ náà, mo rántí ẹni tó ṣí fìlà tó nà án mọ́lẹ̀. Ohun tí mo mú lọ sílé, kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan. Bàbá tíṣà ló wò mí lójú tí wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìbò kò sí fún tálákà. Má jẹ́ kí wọ́n rí ẹ lórí ìlà láé."

Wọn kò rí mi. Mi ò dìbò ní 1999. Mi ò dìbò ní 2003, ní 2007, ní 2011. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá bi mí, mo ní ìdáhùn: ìbò kò sí fún tálákà. Mo rò pé èrò ara mi ni mò ń sọ. Ó wá di ọjọ́ kan, mò ń sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, mo sì gbọ́ ọ létí ara mi pé ohùn kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ni mo fi ń sọ ọ́, títí kan bí wọ́n ṣe máa ń fa "láé" gùn. Ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti yí èrò wọn padà lọ́sẹ̀ kejì, ta ló mọ̀?

Àwọn onímọ̀ kan ti wo irú ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Lọ́dún 1940, lásìkò ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà, Paul Lazarsfeld àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí Erie County ní ìpínlẹ̀ Ohio. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kọkànlá, wọ́n ń padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn bí 600 lóṣooṣù, wọ́n ń bi wọ́n lẹ́ni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún àti ohun tó fà á. Rédíò àti ìwé ìròyìn ni wọ́n rò pé yóò máa yí wọn lọ́kàn padà. Àwọn tí ìyẹn yí padà kò tó nǹkan. Ọkọ, ìyàwó, ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí akàwé: ẹnu àwọn wọ̀nyí lọ̀rọ̀ gbà wọlé. Rédíò bá ẹni kan sọ̀rọ̀, ẹni náà bá àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ sọ ọ́. Ará Ohio ni wọ́n ń wí, àmọ́ bàbá àgbà lórí àga ni mò ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ iyọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti tì mí jù.

Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà bọ̀ gbé Èbólà wọ Èkó. Ìbẹ̀rù mú gbogbo wa. Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, fóònù mi dún.

"Àkànní, ṣé o ti wẹ̀?"

"Màámi, aago mẹ́rin ìdájí rèé."

"Dìde. Gbé omi kaná, bu iyọ̀ sí i, fi wẹ̀, kí o sì mu díẹ̀ nínú ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun ni wọ́n ní ó ń lé àrùn tó wọ Èkó yẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Màámi?"

"Ìyá ìjọ wa ni. Wọ́n pe àwọn náà láti Ìlọrin. Àbí kí n wá máa bẹ̀ ẹ́ ni?"

Kẹ́mísírì ni mo kọ́ ní pólì. Mo mọ ohun tí iyọ̀ lè ṣe, mo mọ ohun tí kò lè ṣe. Mo gbé omi kaná. Mo bu iyọ̀ sí i. Mo wẹ̀. N kò mu ún o. Ibi tí ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ gbé mi dé nìyẹn.

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kọ́ńdọ́ dédé ké sókè pé, "Ta ló ti wẹ iyọ̀ láàárọ̀ yìí?" Gbogbo wa dákẹ́ lọ́ lọ́ lọ́. Ìyá kan níwájú bú sẹ́rìn-ín, gbogbo bọ́ọ̀sì sì gbà á lẹ́nu wọn. Tísà, báǹkà, oníṣòwò, gbogbo wa ló ti wẹ̀. Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìròyìn tẹ àwọn lọ́wọ́ pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí pe àwọn ìyá wa ní aláìmọ̀kan. N kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo rí apá kejì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, rédíò ń sọ ọ́ ní Yorùbá pé ká máa fọwọ́, ká yéé bọ ara wa lọ́wọ́, ká má fọwọ́ kan òkú. Ìyá ìjọ yẹn kan náà ló tún pe Màámi. Màámi ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ, kò sì sí ọmọ tàbí àlejò tó lè wọlé láìfọwọ́. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ yẹn jáde ní ilé ìwòsàn, kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọ́n ń wá gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Èbólà ti kúrò ní Nàìjíríà: èèyàn 20 ló mú, 8 ló pa. Ní ìlú tó pọ̀ bí Èkó! Etí tí Màámi fi gba iyọ̀ náà ni wọ́n fi gba ọṣẹ. Ẹnu tó gbé iyọ̀ wá ló gbé ọṣẹ wá. Wọn kò yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Ẹni tó sọ ọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í purọ́ fún wọn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé orúkọ tí àwọn bàbá wa fún rédíò kò bá fóònù ọwọ́ wa mu. Asọ̀rọ̀gbèsì ni tiwa. Ó ń sọ̀rọ̀, a ń fèsì, èsì wa sì ń di ìròyìn tó ń lọ bá ẹlòmíràn. Èéfín mi di ẹ̀rí fún òpópónà kejì, èéfín wọn padà wá di ẹ̀rí fún mi. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa. Akọ̀wé lánlọ́ọ̀dù kò purọ́. Ọmọkùnrin orí búlọ́ọ̀kù kò purọ́.

Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé mo tún jáde lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Mo ti mọ̀ o. Mo ti bá ọmọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, mo ti mọ̀ pé ara wa là ń bẹ̀rù. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó sì wò mí: "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ọkọ mi ń sùn nígbà tí ọkọ àwọn yòókù wà níta ni?" Mo gbé àdá. Nígbà tí mo débẹ̀, alága bi wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá a rò pé wọ́n ń bọ̀ lóru yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni kejì ní ó dá a lójú. Ẹni kẹta ní ẹ̀gbọ́n òun rí wọn. Ó kàn mí. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe o."

Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ọmọ ilẹ̀ Poland tó di ará Amẹ́ríkà, ti ṣe irú eré yìí ní nǹkan bí ọdún 1951. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú yàrá, ó fi ìlà kan hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n mú èyí tó gùn tó o nínú ìlà mẹ́ta. Ọmọ ọdún márùn-ún lè mú un. Àmọ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú yàrá náà ni kò mọ̀ pé àwọn yòókù ti bá Asch sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ láti jọ ṣì í mú. Bí gbogbo wọn bá ti ń tọ́ka sí ìlà tí kò tọ́, ojú ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn àwọn tí wọ́n dán wò bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀lé àṣìṣe àwọn yòókù. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni kò tẹ̀lé wọn rárá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé bí ẹnìkan péré nínú àwọn yòókù bá sọ òtítọ́, ahọ́n ẹni náà á tú, òun náà á sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

A ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Dẹ́rẹ́bà mọ́lúè tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ń gbé ní ilé tó kángun sí gọ́tà. Bàbá yìí kò jáde lóru kankan. Alága rán àwọn ọ̀dọ́ sí wọn, wọ́n ní kí wọ́n san ₦2,000 owó ìtanràn. Bàbá náà san án láìjanpata, wọ́n ní, "Bí olè bá dé, ẹ jí mi," wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. A bú wọn nínú gúrúùpù. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ pé bóyá àwọn àti olè jọ mọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n "ẹ jí mi" yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́ lẹ́nu géètì. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá sọ, mo máa ń rántí pé ẹnìkan ń sùn níbì kan, tó ń hanrun. Lóru ọjọ́ kẹrin, mo san ₦2,000 tèmi, mo sùn.

Ìgboyà kọ́ o. Mo rí ẹni tí mo lè tẹ̀lé ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ilé-ìwé mi kò gùn tó báyìí, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A ní gúrúùpù kan. Títí di 2019, ọ̀rọ̀ ìsìnkú òbí ẹni àti ọmọ tuntun la ń sọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní Manchester, ẹnìkan ní Calgary, ẹnìkan níwájú ilé alábíríkì pupa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ọjọ́ Túsìdeè. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí epo fò láti nǹkan bí ₦190 sí nǹkan bí ₦500 lọ́sẹ̀ kan náà, àwọn tó wà lókè òkun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sí gúrúùpù: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀, kí lẹ ń dúró ṣe?" Mo ní ilé tí mò ń gbé, mo ní iṣẹ́, àwọn ọmọ mi ń jẹun. Láàárín ìṣẹ́jú tí mo fi ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo di ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Mo lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù lọ́sẹ̀ kejì. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. N kò tíì ṣí i.

Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, pè mí lóru ọjọ́ kan. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní àwọn ìròyìn Nàìjíríà tí òun ń kà kò jẹ́ kí òun lè sùn, òun ń bẹ̀rù fún wa. Mo ní fọ́tò wọn ni kò jẹ́ kí èmi lè sùn. A rẹ́rìn-ín títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Àǹtí mi, àbúrò Bàámi, ń gbé ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti lé ní ọdún 70, wọ́n sì ní rédíò kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé ságbárí bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ètò tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ti ń ka ìròyìn ọ̀daràn ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n àti ìlù lábẹ́. Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn ọ̀hún ti ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí, wọn kì í kọ́kọ́ kí mi. "Àkànní, ṣé ẹ kò tíì kó kúrò níbẹ̀?" Nígbà tí ìyàwó mi bí àwọn ìbejì, wọn kò wá. Wọ́n fi owó àti òfì ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn kò lè fi ojú ara àwọn wá Èkó tí wọ́n ti ń fi èèyàn ṣòwò.

Èmi náà kò lọ kí wọn fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀nà ni mò ń bẹ̀rù: ajínigbé ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ajínigbé ní Ìbàràpá, ajínigbé ní Òkè-Ògùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, wọ́n ti jí èèyàn gbé ní gbogbo ibi wọ̀nyẹn. George Gerbner, ọmọ Họ́ngárì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Pennsylvania, sọ láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn pé ẹni tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ máa ń ka ayé sí ibi tó burú ju bó ṣe rí lọ. Àwọn mìíràn bá a jiyàn lórí bí ó ṣe ṣírò rẹ̀. Gerbner kò mọ Àǹtí mi. Wọn kò bẹ̀rù Ìsẹ́yìn rárá, wọ́n ń sùn láìti fèrèsé. Èmi kò bẹ̀rù Agége, mo ń ra súyà níta ní aago mọ́kànlá òru. Ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé là ń bẹ̀rù.

Nígbà tó yá, mo lọ. Ọkọ̀ gbé mi dé Ìbàdàn, mo wọ òmíràn ní Mọ́níyà. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe yẹn dán, àwọn ẹlẹ́lùbọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dẹ́rẹ́bà sì ń kọrin. Bí mo ti wọ inú ọgbà, Àǹtí mi di ojú mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń yẹ̀ mí wò bí ẹni tó ti ojú ogun dé.

"Wọn ò jí ẹ gbé?"

"Wọn ò jí mi gbé, Àǹtí."

"Ó dáa. Ṣé ti Èkó ni wọn ò tíì mú ẹ?"

A jẹ àmàlà. Mo wo àwọn ahunṣọ tó ń hun òfì lábẹ́ igi títí oòrùn fi wọ̀, ọwọ́ wọn ń lọ ọ́ ń bọ̀, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Àǹtí tẹ́ ẹní fún mi nínú yàrá wọn, wọ́n gbé rédíò ságbárí, wọ́n tan án. Ìlù bẹ̀rẹ̀ lábẹ́. Ọkùnrin ohùn gbígbọ̀n yẹn ní ní Agége, ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti wá...

Mo gbọ́ ọ títí ó fi parí. Àǹtí mi ń mi orí nínú òkùnkùn, wọn kò sọ nǹkan kan. Mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún. Àgbègbè tí mo ti ń gbé láti ọdún mọ́kànlélógún, tí mo mọ orúkọ gbogbo ajá ibẹ̀, àyà mi ń já nítorí rẹ̀. Mo dìde, mo jáde síta, mo pe ìyàwó mi.

"Ṣé ẹ ti ti géètì?"

"Géètì wo? Ìta ni mo wà o, Bàbá Ìbejì. Èmi àti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ là ń jẹ àgbàdo sísun." Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ló dé tí ohùn yín ń gbọ̀n báyìí? Ta ló sọ kí ni fún yín?"